Ẹ̀ẹ̀kan Péré Ni Mòrókò Kọrin

Láti ọdún 1956 tí ìdíje orin Eurovision ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Lugano, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ kọrin níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lọ. Mòrókò ni. Ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 1980 ni Samira Bensaïd, ọmọ ìlú Rabat, bọ́ sí orí ìtàgé ní The Hague, tó fi èdè Lárúbáwá kọ orin tí wọ́n pe àkọlé rẹ̀ ní “Bitaqat Hub”. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ ka máàkì tán, 7 péré ló wà níwájú orúkọ Mòrókò, láti ọwọ́ Ítálì nìkan. Ipò 18 ni wọ́n wà nínú orílẹ̀-èdè 19. Fínlándì tó ní máàkì 6 nìkan ló wà lẹ́yìn wọn.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ láti ìgbà náà ni pé inú bí Ọba Hassan Kejì, ó sì ní Mòrókò kò ní dé ibẹ̀ mọ́ láéláé. Yálà ẹnu ọba gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde tàbí àwọn ìjòyè ló bá a sọ ọ́, ohun tó hàn sí gbogbo ayé ni pé wọn kò padà lọ mọ́. Orí bíbẹ́ ni wọ́n fi wo orí fífọ́. Wọ́n ṣe bí ọmọdé tí wọ́n pa láyò, tó da ọmọ ayò sílẹ̀, tó sì gba ilé lọ.

Ẹ wo Nọ́wè. Òdo ni wọ́n gbà ní 1978, òdo kan náà ni wọ́n tún gbà ní 1981. Wọn kò sá. Ní 1985, àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń pè ní Bobbysocks gba ipò kìíní fún wọn. Fínlándì tó gbẹ́yìn lọ́dún 1980 lọ, ó bọ̀, wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà, títí àwọn Lordi fi gba ife ẹ̀yẹ náà ní 2006 pẹ̀lú ìbòjú abàmì àti ariwo gìtá.

Àwọn tó ń gbèjà ìjókòósílé yìí ní àwọn òyìnbó kò ka èdè Lárúbáwá sí. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní òótọ́ díẹ̀ nínú. Orin 10 ni ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fún ní máàkì, síbẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ 18 tó lè dìbò fún Mòrókò, 17 ló fò wọ́n kọjá. Ìwọ̀sí ni. Ṣùgbọ́n ta ni ohùn àjèjì ń mọ́ létí ní ìgbọ́ àkọ́kọ́? Pọ́túgà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní 1964. Ọdún 2017 ni Salvador Sobral tó borí fún wọn, èdè Potogí ló sì fi kọ ọ́. Ọdún 53 nìyẹn. Jamala, ọmọ Yukréènì, fi èdè àwọn Tátà Crimea kún orin tirẹ̀ ní 2016, ó sì gbégbá orókè. Etí àwọn adájọ́ lè kọ́ ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ bá wá sí kíláàsì.

Èyí tó tilẹ̀ ń ya ni lẹ́nu ni pé Mòrókò yìí kan náà mọ ìfaradà. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n bẹ̀bẹ̀ láti gbàlejò ìdíje Ife Àgbáyé, ti 1994, 1998, 2006, 2010 àti 2026. Ẹ̀ẹ̀márààrún ni FIFA gbé e fún ẹlòmíràn. Kò sí ọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Wọ́n tún padà lọ bẹ̀bẹ̀, àwọn àti Sípéènì àti Pọ́túgà ni yóò sì jọ gbàlejò ti 2030. Ní Qatar ní 2022, àwọn ni orílẹ̀-èdè Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Ẹṣin kì í dáni kí á má tún un gùn: wọ́n mọ ìyẹn lórí pápá, wọ́n gbàgbé rẹ̀ lórí ìtàgé.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì ni. Òótọ́ ni pé Ísírẹ́lì kò sí níbẹ̀ ní 1980, nítorí ọjọ́ ìdíje bọ́ sí ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun wọn tó kú, ọdún yẹn náà sì ni Mòrókò wọlé. Kíkọ̀ láti kọrin nítorí àwọn ará Palestine kì í ṣe ohun ìtìjú. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, Sípéènì, Áyálándì, Nẹ́dálándì, Slofẹ́níà àti Áísílándì kéde ní gbangba pé àwọn kò ní lọ sí ti 2026, lẹ́yìn tí wọ́n gba Ísírẹ́lì láàyè láti kópa. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìdúró. Ní ti Mòrókò, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Rabat bá Ísírẹ́lì tún àjọṣe ṣe. Ẹni tó ti bá èèyàn jẹun kò lè máa fi onítọ̀hún ṣe àwáwí pé òun kò lè jó níbi tó wà.

Àwọn tó ń jìyà rẹ̀ kò gbé ààfin. Ti Samira kò burú: ó gba Cairo lọ, ó di Samira Said, òun àti Cheb Mami sì jọ kọ “Youm Wara Youm” tó mì ilẹ̀ Lárúbáwá tìtì. Akọrin ọmọ ogún ọdún tó wà ní Casablanca tàbí ní òkè Atlas lónìí ńkọ́? Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2011 sọ Tamazight di èdè ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lárúbáwá. Mòrókò kò tíì fi kọrin níbẹ̀ rí. Ọsirélíà tó wà ní ìdàkejì ayé ti ń kópa láti 2015, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn lè dúró sí Tangier kó máa wo Sípéènì ní òdìkejì omi.

Ọdún 1999 ni Hassan Kejì wàjà. Ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìjọba Mòrókò ṣì wà lára ẹgbẹ́ EBU tó ń ṣètò ìdíje náà, kò sì sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Fọ́ọ̀mù ni wọn kò gbà.