Kì Í Ṣe Ọ́ìlì Tó Ki Jù Ni Gíà Àtijọ́ Ń Fẹ́

Ẹni tó bá dúró sí ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú láàárọ̀, tó sì fetí sílẹ̀ láàárín ariwo àwọn kọ̀ndọ́ tó ń pe èrò Máìlì 12 àti Kétu, kò ní ṣàì gbọ́ igbe gíà. Awakọ̀ á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á fa ọ̀pá gíà, ọkọ̀ á sì figbe ta kí gíà kejì tó wọlé. Ìmọ̀ràn tí irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń rí gbà kò pọ̀. Ẹnìkan á ní ọkọ̀ ti dàgbà, kó lọ ra ọ́ìlì 140 tó ki dáadáa. Ẹlòmíràn á ní kó ra èyí tí nọ́ńbà GL rẹ̀ ga jù lórí àtẹ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì. Ọkọ̀ mánúà tó ti pẹ́ kò nílò ọ́ìlì tó ki jù, kò sì nílò èyí tó le jù. Ọ́ìlì tí àwọn tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ tó jáde ní ilé iṣẹ́ ló nílò, bó ti wù kó dàgbà tó. Ẹni tó bá pa ìwé yẹn tì, tó ń fi ojú wọn ọ́ìlì, owó ló fi ń ra àìsàn fún gíà rẹ̀.

Inú gíábọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Gíà kan ń sáré, èkejì ń rọra yí. Àfi kí eré méjèèjì bára dọ́gba kí wọ́n tó lè wọnú ara wọn láìkígbe. Láyé àwọn awakọ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ àti etí awakọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí: á tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, á máa fetí wọn ẹ́ńjìn. Ọdún 1928 ni ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà gbé síńkírò jáde, iṣẹ́ náà sì bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Òrùka kékeré ni síńkírò, idẹ ni wọ́n sì fi ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́. Nígbà tí a bá ti ọ̀pá gíà, òrùka yìí á kọ́kọ́ há mọ́ irin kan tó rí ṣóńṣó bí òkòtó, á fi ara gbo ó títí eré wọn yóò fi dọ́gba, ìgbà náà ni eyín gíà á tó wọlé. Ṣé a rí i báyìí pé ohun méjì tó takora là ń béèrè lọ́wọ́ ọ́ìlì kan ṣoṣo? Ó gbọ́dọ̀ yọ̀, kí eyín irin má baà jẹ ara wọn. Síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yọ̀ jù, kí òrùka idẹ lè rí ibi dì mú. Ọ́ìlì tó bá ṣe ọ̀kan láṣejù, ó ti ba èkejì jẹ́.

Ibi tí nọ́ńbà GL ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí. API, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ epo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló la àwọn nọ́ńbà náà kalẹ̀, a sì ti fi ojú ilé ìwé wò wọ́n: bí kíláàsì karùn-ún ṣe ju kíláàsì kẹrin lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni GL-5 ṣe gbọ́dọ̀ ju GL-4. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá oníkálukú fún. Ní ọdún 1926, ilé iṣẹ́ Packard bẹ̀rẹ̀ sí í lo gíà haípọ́ìdì nínú ásù ẹ̀yìn ọkọ̀. Eyín haípọ́ìdì kì í kàn yí lórí ara wọn, ńṣe ni wọ́n ń fi agbára yọ́ kọjá ara wọn, wọ́n sì lè nu ọ́ìlì kúrò lójú irin pátápátá. Láti dáàbò bò wọ́n ni wọ́n ṣe ń po imí-ọjọ́ àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́ ọ́ìlì, kí ooru àti ìfúnpá lè sọ wọ́n di awọ tín-ín-rín lára irin. Lẹ́tà EP tó wà lára ọ̀pọ̀ kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà fún wa, èròjà yìí ló ń tọ́ka sí. GL-5 gba nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀ ju GL-4 lọ, torí iṣẹ́ ásù le. Ṣùgbọ́n imí-ọjọ́ tó ń gba irin là lè máa jẹ idẹ àti bàbà. Àwọn tó ń ṣe ọ́ìlì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri bàbà pẹlẹbẹ bọ inú ọ́ìlì gbígbóná, kí wọ́n lè wo bí àwọ̀ rẹ̀ ṣe ṣókùnkùn tó. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn: ohun tó jẹ́ oúnjẹ fún ásù lè jẹ́ májèlé fún síńkírò.

Nọ́ńbà kejì tó ń tan wá jẹ ni ti kíki. A máa ń rí 75W-90 tàbí 80W-90 lára agolo. Èyí tó ṣáájú lẹ́tà W sọ̀rọ̀ nípa òtútù: ní òtútù ìwọ̀n 26 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ti ń dán 80W wò, ti 75W sì jẹ́ 40 nísàlẹ̀ òdo. Kò sí òwúrọ̀ ọyẹ́ kankan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tó sún mọ́ òdo fúnra rẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá ọlọ́jà jà lórí 75 àti 80. 90 tó wà lẹ́yìn ló kàn wá. Àwọn kan á sọ pé ooru ilẹ̀ wa ń yọ́ ọ́ìlì, pé ó yẹ kí tiwa ki ju ti òyìnbó. Ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe ń wọn 90 yẹn: ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé ìwọ̀n 100 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Oòrùn ọ̀sán Èkó kì í ju 30 àti díẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ 90 sínú ìwé ti ro ooru tó ju ooru wa lọ kó tó kọ ọ́.

Kí ni 140 wá ń ṣe nínú gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ 90 fún? Lórí gbígbóná, ó ki ju 90 lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òrùka síńkírò ní àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó fi ń gé ọ́ìlì kúrò lójú irin kó lè dì í mú. Bí ọ́ìlì bá ki jù, kò ní rí i gé tán lásìkò, gíà á sì máa le láti wọlé, pàápàá láàárọ̀ kùtùkùtù. Awakọ̀ tó ń fi agbára ti ọ̀pá gíà nígbà náà, idẹ ló ń fá. Ẹ má sì gbàgbé pé òṣùwọ̀n ọ́ìlì gíà yàtọ̀ sí ti ọ́ìlì ẹ́ńjìn. 90 ti gíà kò ki ju 40 tàbí 50 ti ẹ́ńjìn lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé ilé iṣẹ́ tó kọ ọ́ìlì ẹ́ńjìn fún gíà ya wèrè ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà, wọn ò ya wèrè. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ méjèèjì rìn títì wa pọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí gíà wọn ń mu kò dọ́gba. Ọ́ìlì ẹ́ńjìn ni wọ́n kọ fún gíà Peugeot 504. Haípọ́ìdì ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń mu ọ́ìlì gíà. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tó di dánfó, GL-4 ni tirẹ̀. Honda àwọn ọdún 1980, ọ́ìlì ẹ́ńjìn 10W-30 tàbí 10W-40 ni. Mercedes tí à ń pè ní V-boot, tó bá jẹ́ mánúà, ọ́ìlì pupa tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì ni ìwé rẹ̀ ní ká dà sí i. Toyota ní tirẹ̀ gba GL-4 tàbí GL-5 75W-90 fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn mánúà rẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀ márùn-ún tó lè jókòó sí ọgbà mẹkáníìkì kan náà lọ́jọ́ kan náà. Bí mẹkáníìkì bá fi kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tọ́jú gbogbo wọn, ó kéré tán, mẹ́ta ló máa ṣi oògùn lò.

Àtakò tó lágbára jù ni ti awakọ̀ tó ní òun ti ń lo GL-5 látọjọ́ pípẹ́, tí ọkọ̀ òun ṣì ń rìn. Mi ò ní pè é ní òpùrọ́. Àwọn GL-5 òde òní kan ní èròjà tó ń dín ìjà imí-ọjọ́ pẹ̀lú idẹ kù, àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n kọ GL-4 àti GL-5 pọ̀ sí lára. Àwọn ọkọ̀ kan sì wà, bíi Subaru, tí haípọ́ìdì àti gíà ń gbé inú àpótí kan náà, tí olùṣe fúnra rẹ̀ sì béèrè GL-5. Gbogbo èyí kò yí ọ̀rọ̀ mi padà, ńṣe ló gbè é lẹ́sẹ̀: ìwé ọkọ̀ ló ń sọ ẹni tó lè mu ún. Bí imí-ọjọ́ kò bá tiẹ̀ jẹ idẹ, ọ́ìlì tó yọ̀ jù ṣì ń gba agbára ìdìmú lọ́wọ́ síńkírò. Ìpalára yìí kì í sì í dé bí ìjàǹbá, bí ikán ló ṣe ń jẹ òpó. Láti Májídùn dé Benson nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ ro iye ìgbà tí dánfó máa ń bọ́ láti gíà kìn-ín-ní sí ìkejì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ń bu ìwọ̀nba. Nígbà tó bá wá bàjẹ́ tán, ọjọ́ orí ọkọ̀ ni à ń dá lẹ́bi, tàbí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rántí kẹ́ẹ̀gì.

Àtakò kejì ni pé 140 ń pa ariwo. Òótọ́ ni, ó lè pa á. Ṣùgbọ́n ariwo kì í ṣe àrùn, ìròyìn àrùn ni. Béárìn tó ti jẹ ń sunkún, a wá fi ọ́ìlì tó ki dí i lẹ́nu. Jíjẹ kò dúró. Kí a tó pààrọ̀ kíki ọ́ìlì, ohun méjì ló yẹ ká yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni bóyá ọ́ìlì tiẹ̀ pé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, nọ́ọ̀tì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ojú ihò rẹ̀ sì ni ó yẹ kí ọ́ìlì dé. Síìlì tó ń jò ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gíà máa fi ìdajì ṣiṣẹ́. Èkejì ni omi. Ẹni tó ń rìn nínú àgbàrá òjò Ìkòròdú kó fi èyí sọ́kàn: gíábọ́ọ̀sì tó gbóná tó kó sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti ihò tó fi ń mí. Ọ́ìlì tó bá jáde tó rí bíi tíì tí wọ́n po mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, kò sì sí nọ́ńbà tó lè gbà á là. Bí ọ́ìlì tí a tú bá ń dán wínníwínní bí wúrà, síńkírò ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bí ègé irin ló bá wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọ́ìlì.

Àtakò kẹta ni owó, òun náà ló wúwo jù lọ́kàn mi, torí ẹni tó ń wa dánfó ń jẹun lórí ohun tó bá kù lẹ́yìn epo àti owó gáréèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dáadáa. Lítà méjì sí mẹ́rin ni gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ kékeré àti bọ́ọ̀sì máa ń gbà, kì í sì í ṣe oṣooṣù ni a ń pààrọ̀ rẹ̀ bíi ti ẹ́ńjìn. Ìyàtọ̀ owó tó wà láàárín ọ́ìlì tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́ lórí lítà mẹ́ta kò tó ohun tí a máa ná sórí gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ láti Ládìpọ̀, owó iṣẹ́ mẹkáníìkì, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ fi jókòó láìpa kọ́bọ̀. Bí ìwé ọkọ̀ bá ti sọnù, ẹ̀dà ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí fóònù fún ẹni tó bá wá orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀. Bí a kò bá rí nǹkan kan rárá, tí ọ́ìlì tó jáde kò pupa, tí ọkọ̀ náà sì ń lo síńkírò, GL-4 80W-90 ni àṣìṣe rẹ̀ kéré jù. Mi ò sọ pé ó tọ́ fún gbogbo ọkọ̀. Mo ní ìpalára rẹ̀ kéré jù ni.

Ẹrù yìí kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, NATA, lè jẹ́ kí gbogbo ọgbà lẹ ìwé kan mọ́ ògiri tó kọ ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ àti ọ́ìlì gíà tó bá a mu. Pátákó kan ṣoṣo ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń ta ọ́ìlì náà lè dẹ́kun kíkó GL-4 pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù torí pé 140 ló ń tètè tà. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í kó ohun tí oníbàárà kò béèrè. Lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá dé ìsọ̀, tí kò béèrè èyí tó ki tàbí èyí tó wọ́n, tó kàn ka nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ jáde, tó sì kọ̀ láti gba òmíràn, ọjọ́ náà ni ọjà máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, tí igbe gíà ní Benson á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù.