ÀWÒRÁN TÍ KÒ DÁRÚKỌ ẸNÌKAN

Gbogbo wa ni a mọ obìnrin ilé tí í kọrin òwe nídìí ọlọ. Kò dárúkọ orogún rẹ̀, kò wo ọ̀kánkán yàrá rẹ̀, ata rẹ̀ ni ó ń lọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé ni ó mọ ẹni tí orin náà ń bá wí. Bí orogún náà bá fi lè yọ jáde pé, "Èmi ni o ń bú," ó ti bọ́ sínú okùn. Ẹni tí ń kọrin yóò gbé ojú sókè tìyanu-tìyanu, yóò béèrè ẹni tí ó pe orúkọ rẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a tún ń ro ọ̀rọ̀ àwòrán ìpolongo ìbò kan tí a fi hàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1964, èyí tí àwọn olóṣèlú àti àwọn olùkọ́ kò tí ì yé jiyàn lé lórí títí di òní olónìí.

Ní ọdún náà, Ààrẹ Lyndon Johnson, ẹni tí ó gorí oyè nígbà tí a yìnbọn pa Ààrẹ Kennedy ní oṣù Nọ̀fẹ́ńbà 1963, ni ó ń du ipò fún ẹgbẹ́ Democrat. Sẹ́nétọ̀ Barry Goldwater ará Arizona ni ẹgbẹ́ Republican fà kalẹ̀ láti bá a díje. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, bí ọ̀pọ̀ ìdílé ti jókòó ti ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń wo sinimá Ọba Dáfídì àti Bátíṣébà tí ilé-iṣẹ́ NBC ń fi hàn, a dá eré náà dúró fún ìṣẹ́jú kan péré. Ọmọdébìnrin kékeré kan yọ nínú pápá, ó ń já ìtànná òdòdó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kà wọ́n. Ọmọ tí kò tí ì mọ iye í kà dáradára ni: ó ń fo òmíràn, ó sì ń ka òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó ti dé orí mẹ́sàn-án, ohùn líle ọkùnrin kan gba kíkà náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń kà á bọ̀ sẹ́yìn láti orí mẹ́wàá. Ọmọ náà gbé ojú sókè. Àwòrán ń súnmọ́ ojú rẹ̀ títí ó fi ku kìkì dúdú ẹyinjú. Bí kíkà ti parí, bọ́ǹbù átọ́míìkì bú gbàmù, iná àti èéfín sì gba gbogbo ibẹ̀. Nígbà náà ni a gbọ́ ohùn Johnson tìkara rẹ̀, tí ń gba aráyé níyànjú láti yan ìfẹ́ dípò ikú. Ohùn mìíràn sì rọ àwọn tí ń wò kí wọ́n má ṣe jókòó sílé ní ọjọ́ 3 oṣù Nọ̀fẹ́ńbà, kí wọ́n jáde lọ dìbò fún un. Ó tán. Dáfídì tún bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́ orúkọ Goldwater nínú ìṣẹ́jú kan náà. Síbẹ̀, ìjì jà. Bill Moyers, tí í ṣe olùrànlọ́wọ́ Johnson nígbà náà, sọ lẹ́yìn náà pé tẹlifóònù Ilé Funfun kò sinmi ní alẹ́ ọjọ́ náà, àti pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ pe òun láti béèrè ohun tí wọ́n ṣe. Inú ń bí àwọn kan pé a fi ọmọ ọwọ́ ṣe ohun ìdẹ́rùbani. Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tí inú ń bí àti ẹni tí ẹ̀rù ń bà, orúkọ kan náà ni ó wà lọ́kàn wọn.

Níbo ni wọ́n ti rí orúkọ náà? Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà. Ọdún méjì péré ni ó ti kọjá láti ìgbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ohun ìjà tí a kó lọ sí Kúbà ní oṣù Ọ̀kítóbà 1962. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ náà, a ti kọ́ àwọn ọmọ láti sá sábẹ́ tábìlì bí wọ́n bá gbọ́ pé bọ́ǹbù ń bọ̀. Goldwater ní tirẹ̀ ti dìbò lòdì sí àdéhùn 1963 tí ó fi òpin sí dídán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò lójú òfuurufú. Ó ti sọ pé ó yẹ kí ọ̀gágun ní àṣẹ láti lo àwọn tí ó kéré nínú ohun ìjà wọ̀nyí. Ní oṣù Méè 1964, ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n bí a ti lè fi wọ́n gbọn ewé igbó Vietnam dànù, bí ó tilẹ̀ fi kún un pé òun kò rò pé a ó ṣe é. Kódà Nelson Rockefeller, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an, ti fi ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù yìí bá a jà kí ẹgbẹ́ tó yàn án. Ilẹ̀ ti gbẹ, koríko ti gbẹ, ìṣáná kan ṣoṣo ni ó kù.

Ẹni tí ó ṣá ìṣáná náà kò ṣàìmọ ohun tí ó ń ṣe. Ilé-iṣẹ́ ìpolówó Doyle Dane Bernbach ni ó ṣe àwòrán náà, pẹ̀lú Tony Schwartz, ará New York tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀. Schwartz kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1973 pé kì í ṣe pé kí a ki ọ̀rọ̀ bọ olùgbọ́ lọ́kàn ni iṣẹ́ náà, bí kò ṣe pé kí a fa ohun tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde. Àwọn òyìnbó ka èyí sí ẹ̀kọ́ tuntun. Àwọn baba wa tí ń fi àrokò ránṣẹ́ ì bá ti rẹ́rìn-ín. Bí a bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka ẹyọ, tí yóò sọ ọ́ jáde. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó jọ wá lójú jù lọ. Dean Burch, alága ẹgbẹ́ Republican, fi ẹjọ́ sùn. Sẹ́nétọ̀ Everett Dirksen náà kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Orogún ti yọ jáde láti inú yàrá. Bí wọ́n ti ń ké pé a fi olùdíje àwọn hàn bí ẹni tí yóò pa àwọn ọmọ aráyé run, ẹnu wọn ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní gbangba. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ Democrat san owó fi àwòrán náà hàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ABC àti CBS ni ó tún fi í hàn lọ́fẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn, ìwé ìròyìn Time ti ọjọ́ 25 oṣù náà sì gbé ọmọ náà sí ojú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, a fi àwòrán mìíràn hàn, ti ọmọ kan tí ń lá áísìkiriìmù, nínú èyí tí a ti dárúkọ Goldwater kedere. Ènìyàn mélòó ni ó rántí ìyẹn?

Àwọn kan yóò wí pé òwe ni òwe í ṣe, àti pé wòlíì Nátánì pẹ̀lú kò dárúkọ nígbà tí ó pa ìtàn ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà fún Dáfídì, ọba kan náà tí eré rẹ̀ ń lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Nátánì kò padà sílé lẹ́yìn tí inú ọba ti ru. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó nàka sí i, ó sọ fún un pé òun ni ẹni náà, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè jẹ́wọ́ tàbí kí ó sẹ́. Àwọn tí ó ṣe àwòrán òdòdó kò ṣe èyí. Wọ́n ru àwọn ènìyàn sókè, wọ́n sì kúrò níbẹ̀.

Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn sọ pé nígbà tí Gómìnà Macpherson fi rédíò ìjọba bá ẹgbẹ́ Action Group wí ní 1953, Olóyè Awólọ́wọ̀ béèrè àyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, a kò sì fún un; àti pé ìbínú yẹn wà lára ohun tí ó bí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀kítóbà 1959. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn Gómìnà ní orúkọ, ó sì ní ọ̀rọ̀; bí a bá fún ènìyàn láyè, ó lè dá a lóhùn. Èsì wo ni ènìyàn yóò fún ọmọ tí ń ka òdòdó? Òǹwòran pàápàá kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó parí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ẹni tí í béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Nítorí náà, àwa kò bá àwọn tí ó pe Ilé Funfun lẹ́jọ́ pé wọ́n ké; ohun tí a ń bá wọn wí ni pé ọmọ inú àwòrán ni igbe wọn dá lé lórí, wọn kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ohùn rẹ̀ gba kẹ́yìn ohun tí òun náà fẹ́ ṣe.

Ìbéèrè sì wà láti bi í. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, oṣù kan géérégé ṣáájú àwòrán náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti fún Johnson láṣẹ láti lo ọmọ-ogun ní Vietnam bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. A kò rí èyí nínú pápá òdòdó. Johnson wọlé pẹ̀lú ìbò 61 nínú ọgọ́rùn-ún, ó gba ìpínlẹ̀ 44. Ó sì tọ́ kí a sọ ọ́ pé ó ti fi Goldwater sílẹ̀ sẹ́yìn jìnnà kí a tó fi àwòrán náà hàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá wí pé òdòdó ni ó gbé e wọlé ti ki àṣejù bọ̀ ọ́. Ní oṣù Máàṣì 1965, àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ sí Da Nang. Kí ọdún 1968 tó parí, wọ́n ti ju 500,000 lọ ní Vietnam, àwọn tí ó sì kú lára wọn kí ogun náà tó tán ju 58,000 lọ, láìka àwọn ará Vietnam, tí iye wọn pọ̀ ju èyí lọ lọ́nà púpọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì 1968, Johnson tún jókòó níwájú àwọn òǹwòran tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ọmọdé, kò sí òdòdó. Òun nìkan ni, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Vietnam ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi í parí pé òun kò ní du ipò Ààrẹ mọ́.