Àmì Funfun tí Wáyà Eyín Fi Sílẹ̀

Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi wáyà to eyín ní Ọ̀fà níbí ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè kan léraléra: kí ni àwọn àmì tí ó funfun bí ẹfun, tí ó yí ibi tí irin ti lẹ̀ mọ́ eyín ká? (Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé àwa tí a ń fi èjí ṣe ẹwà ti ń sanwó kí wọ́n bá wa dí i.)

Kì í ṣe gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ irin ni ó fà á. Ìdọ̀tí oúnjẹ ni ó há sí ẹ̀gbẹ́ irin. Kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ń sọ ṣúgà di ásíìdì, ásíìdì náà sì ń fa calcium jáde kúrò lára eyín. Ọ̀sẹ̀ 4 péré tó kí àmì hàn. Ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò rí ni ó kún ibẹ̀. Ẹ wo ẹ̀wù funfun tí òjò pa: bí ó bá tutù, ara ń hàn nínú rẹ̀, bí ó bá gbẹ, ó tún funfun padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eyín yìí, ìdí nìyí tí dókítà fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àmì tí kò hàn àfi bí eyín bá gbẹ kò jinlẹ̀ tó èyí tí ó hàn nínú itọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù 2, ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti èédú fọ̀ ọ́. Mo kọ̀ fún un. Ásíìdì ni ọsàn wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀, èédú sì ń ha eyín. Ó lọ rí dókítà eyín ní Ìlọrin, ìyẹn sì ní kí ó ní sùúrù ná.

Sùúrù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Bí wáyà bá ti kúrò, itọ́ a máa dá calcium padà sínú eyín, pàápàá láàárín oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Ẹ lo ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride, 1,000 sí 1,500 ppm (ó wà lára páálí rẹ̀), lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ tu ìfófòó dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu. Ẹ dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò kù. Orín dára, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n kò lè dípò ọṣẹ yìí. Ẹ má sì ra fluoride alágbára fúnra yín: ó lè tètè dí ojú ihò náà, kí funfun rẹ̀ há sínú.

Bí àmì bá kọ̀ tí kò lọ, oje kan wà tí wọ́n ṣe ní Jámánì, Icon. Dókítà a fi ásíìdì ṣí ojú ibẹ̀, a gbẹ ẹ́, oje a wọnú ihò bí omi ṣe ń wọ aṣọ, iná a sì mú un le. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí lílu eyín. Ohun tí ń sọ eyín di funfun ń kọ́, ó lè kọ́kọ́ mú kí àmì hàn sí i. Veneer ni kí ó gbẹ̀yìn, nítorí wọ́n sábà máa ń há lára eyín kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, eyín kì í sì í hù padà.

Bí àmì náà bá ti wà kí ẹ tó fi wáyà sẹ́nu, ó lè jẹ́ ohun mìíràn, bíi fluoride tí ó pọ̀ jù nínú omi tí ẹ mu ní kékeré. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ dání lọ bá dókítà.