Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tí Ẹ Ní Ẹ Kò Ní Ọ̀gá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọkùnrin àti obìnrin, tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà to ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó, àmì ilé iṣẹ́ àti wẹ́ẹ̀bùsáìtì fún tọmọdé tàgbà, láti Yábàá dé Sùúrùlérè, láti Ojúẹlẹ́gba dé Múṣin, mo kí yín, mo sì kí iṣẹ́ ọwọ́ yín; ṣùgbọ́n kíkí nìkan kọ́ ni ó mú mi jókòó ti ìwé yìí, nítorí ohun tí ojú mi rí ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kọjá, ní gbọ̀ngàn kan tí kò jìnnà sí òpópónà Bode Thomas, kò tíì kúrò ní ọkàn mi títí di òní.

Ìyá àgbà kan ni a ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, ìran òṣómàáló, obìnrin tí ó gbé aṣọ lórí wá sí Èkó láti ìgbà wúńdíá rẹ̀, tí ó sì fi èrè aṣọ náà rán àwọn ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé títí wọ́n fi di ẹni tí à ń fi orí ìjókòó lọ̀. Ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n pín fún wa dùn ún wò: bébà rẹ̀ ń dán, ìyá náà ń rẹ́rìn-ín lórí èèpo rẹ̀, àwọ̀ wúrà àti àwọ̀ elése àlùkò bá ara wọn mu débi pé ẹnu mi ti kún fún ìyìn kí n tó ṣí i. Nígbà tí ó kan kí àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dìde, kí ó ki ìyá rẹ̀ lọ sí ọ̀run, ó ṣí ojú ewé tí oríkì wà, ó gbé ohùn sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí ó bá níbẹ̀: Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀. Ó dákẹ́. Ó tún wo ìwé náà. Ọmọ Owá, ọmọ Ẹkùn, ni a tẹ́ sínú pósí, oríkì ará Ọ̀fà ni a sì tẹ̀ sí abẹ́ àwòrán rẹ̀. Nísàlẹ̀, láàrin orúkọ àwọn ọmọ ọmọ, a tún rí orúkọ àwọn kan tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí náà kò gbọ́ rí.

Wọ́n pe ọmọkùnrin tí ó ṣe ìwé náà, ó ti pa fóònù rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni ó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí wọ́n má bínú, iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́wọ́ òun, fáìlì òkú kan tí òun ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni òun lò, òun sì gbàgbé láti yí ojú ewé kẹta padà. Ó ti gba owó rẹ̀ pé kí ó tó gbàgbé.

Bóyá lójú yín, àṣìṣe lásán ni èyí. Lójú àwa tí a jókòó síbẹ̀, orí ẹlòmíràn ni wọ́n pè lé òkú olókùú lórí. Oríkì ni a fi ń sin ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà àwọn baba rẹ̀. Ẹni tí ó ti fi ọdún tí ó lé ní ọgọ́rin jẹ́ ọmọ Òbokún kò yẹ kí ó gbọ́ orúkọ ìlú onílùú ní ọjọ́ tí ó ń relé, lẹ́nu ọmọ tí ó bí, níwájú àwọn tí ó bá a náwó, bá a nára. Àkọ́bí náà kò tún lè kì í mọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá náà, arúgbó tí wọ́n gbé jókòó sórí àga, ni ó wá fi ohùn gbígbọ̀n kì í láti inú orí ara rẹ̀, láìwo ìwé kankan.

Bí mo bá ní kí ọmọ yìí wá jókòó, kí ó sọ tẹnu rẹ̀, mo mọ ohun tí yóò wí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín láìmọye ìgbà: Bàbá, èmi ni mò ń dá ṣiṣẹ́ mi, èmi ni ọ̀gá ara mi. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń bí mi nínú jù lọ. Ta ni ó ka ìwé náà kí ó tó di títẹ̀? Ẹni tí ó tò ó kò kà á. Àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú kò kà á, nítorí PDF ni wọ́n gbé fún wọn, ohun tí wọ́n bá sì bá nínú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀. Àwọn ẹbí rí i lórí fóònù láàrin ọ̀fọ̀, wọ́n wo èèpo, wọ́n ní ó dára. Ẹni tí ó ní òun kò ní ọ̀gá, ó ti gbé iṣẹ́ ọ̀gá ru ara rẹ̀ nìyẹn: ojú tí ọ̀gá ìbá fi wò ó, òun ni yóò fi wò ó, ìtìjú tí ìbá bo ọ̀gá, orí òun ni yóò já lé. Ẹ gba orúkọ oyè náà, ẹ fi ẹrù tí ó bá a rìn sílẹ̀ ní ìta.

Nígbà tí àwa wà ní ọmọ iṣẹ́ ní Múṣin, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira, òjé ni a fi ń to ọ̀rọ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ojú rẹ̀ kọ sí òdì. A ó máa fi ìka tí yíǹkì ti sọ di dúdú ṣà á láti inú àpótí onísọ̀rí, títí ìlà kan yóò fi kún. Lẹ́tà ẹ ní ihò tirẹ̀, ọ ní tirẹ̀, ṣ ní tirẹ̀. Bí ṣ bá sì tán mọ́ wa lọ́wọ́ láàrin ìwé ọdún ìjọ kan, a kò jẹ́ fi s rọ́pò rẹ̀, ojú ewé tí a ti tò ni a ó kọ́kọ́ tẹ̀, a ó tú u, a ó sì tún fi lẹ́tà náà to òmíràn. Ọ̀gá mi kì í ka púrúùfù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ ni ó ti ń kà á lọ sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn, kí adùn ìtàn inú rẹ̀ má baà tan ojú rẹ̀ jẹ. Bí ó bá sì di orúkọ ènìyàn, yóò ní kí ọ̀kan nínú wa pè é sókè, kí òmíràn máa fi ìka tọ̀ ọ́ nínú ìwé tí oníṣẹ́, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Irin ni ẹ̀rọ wa, Ògún Lákáayé, ọṣìn imọlẹ̀, ni ó sì ni irin: ọ̀gá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, síbẹ̀ lọ́dọọdún ni ó ń fi obì àti omi tútù sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tí ó jẹ́ purọ́ níwájú rẹ̀ pé òun ti ka ohun tí òun kò kà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, a ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú kẹrosín-ìn, a ó jẹ ẹ̀wà àgànyìn, a ó sì rọra rìn lọ sí apá Ìdí-Òro, níbi tí orin kì í ti í tán lálẹ́. Ayé náà dùn o.

Apá Ìdí-Òro náà, lójú òpópónà Agége, ni Fela olórin kó sí lẹ́yìn náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀dọ́ kan bíi yín ti di olókìkí. Ghariokwu Lemi kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọnà, òun ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀. Kò sì tíì pé ọmọ ogún ọdún ní 1974, nígbà tí ó ya èèpo àwo orin Alagbon Close. Nígbà tí Fela kọ́kọ́ fẹ́ sanwó àwòrán tí ó yà fún un, ó kọ owó náà. Èmi kò ní kí ẹ̀yin kọ owó, nítorí ẹ̀yin náà ní ilé láti gbà, ẹ sì ní òbí láti tọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni iṣẹ́ tí ó ti ọwọ́ ọmọ náà jáde. Èèpo àwo Fela 26 ni ó yà, kò sì sí èyí tí ó lè bọ́ sí ọrùn àwo mìíràn. Fela tí ó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹja ńlá tí ó da ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá nù, Alagbon Close nìkan ni ó ni wọ́n. Àwọn ológun orí èèpo àwo Zombie kò bá ibẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn náà ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Kí ó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, yóò ti gbọ́ orin náà ná.

Mo mọ iṣẹ́ yín, ẹ má rò pé mo ń fi ojú kéré wò ó. Ẹni kan ṣoṣo nínú yín, nínú yàrá kan ní Ìwáyà tàbí ní Akókà, ń ṣe iṣẹ́ tí atolẹ́tà, ayàwòrán, oníkámẹ́rà àti ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé jọ ń pín ṣe nígbà tiwa, ó sì ń ṣe é pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí ń bú lẹ́yìn fèrèsé àti dátà tí ń tán láàrin òru. Láti 2011 tí CcHub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ti ṣí ilẹ̀kùn ní òpópónà Herbert Macaulay ni Yábàá ti di ibi tí ayé ń wò. Mark Zuckerberg tí ó dá Facebook sílẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Inú mi dùn sí i. Nígbà tí mo bá gbọ́ pé ọmọ àdúgbò wa kan ya àmì fún oníṣòwò kan ní Jámánì, orí mi a wú.

Ẹ jẹ́ kí n sì gba èyí, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ mi lẹ́nu: àwa tí a ń gbé iṣẹ́ fún yín kì í ṣe dáadáa sí yín. A ó ní kí ẹ yí àwọ̀ padà ní ẹ̀ẹ̀kínní, ẹ̀ẹ̀kejì, títí tí kò fi níye, a ó sì tún bi yín pé ṣebí kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe é, kí ni ẹ fẹ́ gbowó lé lórí. Àṣẹ́kù owó a di àwátì lẹ́yìn tí a bá ti jẹ ìnáwó tán. Ìwà àbùkù ni, kò sì yẹ àgbà. Nítorí náà, ẹ máa gba ìlàjì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ ó ṣe àtúnṣe sílẹ̀, kí oníṣẹ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tí inú bá bí, ẹ rán an sí mi.

Ṣùgbọ́n pé oníṣẹ́ ń da yín láàmú kò sọ iṣẹ́ rẹ̀ di tiyín. Táíwò Akínkúnmi ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ó ya àsíá Nàìjíríà ránṣẹ́ sí ìdíje. Oòrùn pupa wà láàrin àsíá tí ó yà, àwọn adájọ́ yọ oòrùn náà kúrò, wọ́n fi ewéko, funfun, ewéko sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní 100 pọ́n-ùn. Àsíá tí wọ́n tún ṣe yìí ni a gbé sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Nínú yín, mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kí ó yọ òdòdó kan kúrò lára káàdì ìgbéyàwó, tí ó sì bú ìyá ìyàwó.

Èyí tí ó burú jù ni ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì. Mo mọ ìyá kan tí ń ta léèsì ní Tejúoṣó, tí ọ̀kan nínú yín bá gba àdírẹ́ẹ̀sì íntánẹ́ẹ̀tì tí ó parí sí .ng, ṣùgbọ́n tí ó fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ gbà á. Ọdún yí po, owó ìsọdọ̀tun tó san, ọmọ náà ti rí iṣẹ́ sí Kánádà, ojúlé ìyá náà sì ti pa mọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ lójú. Orúkọ tí ìyá yìí fi òógùn kọ́ wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò gbé ìpè mọ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́! Orúkọ oníṣẹ́ ni kí ẹ fi gba àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti fáìlì iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá sanwó tán, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí yóò tún san òmíràn sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò tó o.

Àmì orí ọ̀rọ̀ àti àmì ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni ó tún kù. Ẹ máa ń sọ fún mi pé lẹ́tà ọlọ́nà tí ẹ fẹ́ràn kò ní wọn, pé bí ẹ bá tẹ ẹ́ tàbí ọ̀ sórí rẹ̀, àpótí òfìfo ni ó ń hù jáde. Bí kò bá ní wọn, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́tà Noto tí Google ṣe ní wọn, Gentium àti Charis ní wọn, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti 1875 tí àwọn baba wa ti ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ni wọ́n ti ń bá a jìjàkadì kí orúkọ wa má baà sọnù lórí bébà. Ẹ kò gbọdọ̀ tìtorí ẹwà sọ ọ́ nù lórí gíláàsì.

Àwọn àgbà kan ṣì wà ní Ṣómólú àti ní Múṣin tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ka púrúùfù, tí ojú wọn ṣì ríran dáadáa pẹ̀lú awò, tí wọ́n sì ń jókòó sí iwájú ilé láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìrí ohun tí wọn yóò kà. Owó oúnjẹ ọ̀sán kan tó láti fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ka ojú ewé ogún. Ẹ tẹ iṣẹ́ yín sórí bébà, ẹ gbé e lọ bá wọn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé, ẹ dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi kà á tán. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá sì mọ ilé wọn, ẹ wá sọ́dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́kọ́jọ́, yàtọ̀ sí ọjọ́ Ìsinmi, n ó mú yín lọ.

Èmi ni bàbá yín,
Òǹtẹ̀wé àtijọ́ kan, ní Múṣin.