IELTS: Ẹ Múra, Ẹ Má Fimú Sọ̀rọ̀

Àwọn ọ̀dọ́ Ọjà'ba, Màpó àti Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn tó fẹ́ lọ kàwé nílùú Ọba ń múra fún IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò dùn mọ́ wa nínú pé ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé dé yunifásítì gbọ́dọ̀ tún sanwó kó tó fi hàn pé òun gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìjọba Nàìjíríà, síbẹ̀ a kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ìlú Ọba yọ̀ǹda kúrò nínú irú ìdánwò yìí. Kí ìjọba wa gba ẹjọ́ yìí rò.

Ní báyìí ná, ẹ kọ́kọ́ bi yunifásítì tí ẹ ń lọ léèrè: àwọn kan ń gba èsì WAEC dípò IELTS. Bó bá di dandan, apá 4 ni ìdánwò náà ní: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Máàkì 9 ló ga jù, ọdún 2 sì ni èsì rẹ̀ ń lò. Ní apá gbígbọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbé ohùn sí i fún yín. Ẹ máa fi aago dánra wò. Ní apá sísọ, ọ̀rọ̀ tó yéni ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ohùn Òyìnbó. Ẹni tó bá ní òun ó ta ìbéèrè fún yín, gbájúẹ̀ ni. Ẹ sá fún un.