Gbọ̀ngàn Ìlú Kì Í Ṣe Ilé Àríyá Nìkan

Ẹ̀yin ìyá mi lọ́jà,

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí níkùn. Lóṣù tó kọjá, aláta kan mú ìwé wá bá mi ní ìsọ̀. Ó ti fi ìwé náà pamọ́ sábẹ́ ẹní fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rẹ́ni kà á fún un. Ìwé owó ìsọ̀ ni! Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Ta la fẹ́ bá wí?

Ẹ̀kọ́ ọlọ́jà kì í ṣe tuntun l'Ábẹ́òkúta. Ní 1944, Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ wọn ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà. Àwọn ọlọ́jà wọ̀nyí náà ló bá wọn ja ìjà owó-orí obìnrin, ìjà tó le títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀ ní 1949. Ẹni tó mọ̀wé kà ni wọn ò lè rẹ́ jẹ.

Lónìí, a ní June 12 Cultural Centre ní Kútọ̀, a ní Centenary Hall l'Áké. Ìgbéyàwó àti ìpàdé òṣèlú la mọ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò burú, àwa náà ń tajà níbi àríyá. Ṣùgbọ́n àríyá kì í ṣe ojoojúmọ́. Kí wọ́n yọ̀ǹda yàrá kan fún wa, wákàtí méjì ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí wọ́n fún wa ní tíṣà kan.

Kì í ṣe tọrọ-tọrọ là ń ṣe o. Òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọjà àti ilé ìyàgbẹ́ ìlú sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí ẹ̀kọ́ àgbà. Owó tí à ń san ńkọ́?

Wọ́n lè ní ta ni yóò gbálẹ̀, ta ni yóò sanwó iná. Àwa á gbálẹ̀, ẹgbẹ́ á dá owó iná. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè.

Ẹ má sọ pé ẹ ti dàgbà jù. Ẹni tó ń ṣírò gbèsè ogún oníbàárà lórí, ṣé A, B, D ló máa wá ṣòro fún un? Ìwé mẹ́fà péré lèmi náà kà, òun ni mo fi ń ṣe akọ̀wé yín.

Ẹ mú orúkọ yín wá fún mi nípàdé tó ń bọ̀, kí ìwé ẹ̀bẹ̀ wa lè wúwo.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.