Ẹ má fẹsẹ̀ lásán wọ adágún
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Òrè àti Odígbó tó ń gbèrò àtilọ pàgọ́ sétí adágún Ebomi ní Ìpèsì-Àkókó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, inú mi dùn sí i, ìpínlẹ̀ wa lẹ fẹ́ mọ̀. Àmọ́ ẹ múra bí àgbẹ̀ kòkó tó fẹ́ sùn ní ahéré: fìtílà, iyọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn, aṣọ tó nípọn nítorí ọyẹ́. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kí ọba ìlú. Omi gan-an ló ń kọ mí lóminú. Omi tó dúró lójú kan, tí koríko hù sétí rẹ̀, lè ní ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Kì í ṣe ẹnu ni kòkòrò yìí ń gbà, awọ ara ló ń lu wọlé, kódà bó jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan lẹ kì bọ omi. Bó bá yá, ẹni tó kó o á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Omi bọ́hòlù ni kẹ́ ẹ gbé dání fún ìwẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ńkọ́? Kó tó di pé wọ́n ń polówó ibi ìgbafẹ́ fáráyé, ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe síbẹ̀.